Igbe Mẹ́ta Lóko Sàníù

Nílé wa, ẹnu àbúrò mi Sàníù ló kọ́kọ́ dàgbà kí ara rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bó bá fọ́ ìkòkò, kó o tó débẹ̀, ó ti fi ewúrẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí. Roheem ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kì í lè sọ̀rọ̀. Abúlé tí wọ́n ti bí Roheem kò ní ilé ìwé, ìyẹn ni bàbá rẹ̀ ṣe mú un wá sílé wa ní Lálúpon nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Ẹní kan náà lòun àti Sàníù jọ ń sùn lé, àwo kan náà ni wọ́n ń bu òkèlè nínú rẹ̀, wọ́n sì jọ ń lọ sílé kéwú lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá ní ká fojú mú ẹni tí yóò ṣe lọ́yà nínú àwọn méjèèjì, gbogbo àdúgbò ni ì bá nawọ́ sí Sàníù.

Ọlọ́run tó ń pín iṣẹ́ kò bi wá. Sàníù kàwé dé fọ́ọ̀mù tiri, bàbá wa kú, oko sì ń wá ẹni tí yóò ro ó. Èmi ṣe ilé ẹ̀kọ́ girama parí, ọkọ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Roheem ló ka tiẹ̀ dé yunifásítì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé wíìgì lọ́yà wálé kí ìyá wa lè fọwọ́ kàn án, ìyá wa ní, "Roheem, ta ló wé irun àgùntàn mọ́ ọ lórí nínú ooru yìí?" Sàníù gbà á, ó dé e, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì dá òbúkọ wa lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Títí dòní, mi ò tíì rí adájọ́ tó wù mí jù ú lọ.

Àgbẹ̀ ni Sàníù, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ó láya kan, Zubaidah, ó bímọ mẹ́ta. Òun tún ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Kò lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò sì nílò ẹ̀. Ohùn tó fi ń pe ìrun Àsùbáà, ẹni tó wà ní òdìkejì odò á gbọ́, àfi tó bá pinnu pé òun ò gbọ́.

Àṣà kan wà lóko wa tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Ẹni tó bá fẹ́ sun oko, yóò dúró létí igbó, yóò ké lẹ́ẹ̀mẹta: "Mo fẹ́ tiná bọ oko o! Ẹni tó bá wà ńbẹ̀, kó dáhùn o!" Bó bá ké tán lẹ́ẹ̀kan, yóò dúró ìwọ̀n ìgbà téèyàn lè fi ka Fátíhà kan, kó tó tún ké. Ọdẹ tó wà nínú igbó, ẹni tó ń ṣa ìgbín, àní ọkùnrin àti obìnrin tó lọ fara pamọ́, dandan ni kí wọ́n dáhùn. Kí ojú ti oníṣekúṣe sàn ju kó jóná lọ. Àṣà náà wá ní apá kejì. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò jẹ́, olè ni. Kí ló tún lè mú un dákẹ́?

Nínú ààwẹ̀ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Sàníù ṣán oko kan lẹ́yìn odò láti fi gbin ẹ̀gẹ́. Koríko rẹ̀ gbẹ dáadáa. Ní ọjọ́rú kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó tiná bọ̀ ọ́. Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́, ó pa iná tó kù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí kò tíì délé. Bàbá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Òrìṣà ìdílé wọn ló ń sìn, àwa sì jẹ́ mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ogiri ilé wa kan tiwọn. Bá a bá pa àgbò Iléyá, a ń gbé tiwọn fún wọn. Bí wọ́n bá ń ṣọdún tiwọn, iṣu ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa, wọn kì í fi ẹran, torí wọ́n mọ̀ wá. Tàkúté ọ̀yà ni bàbá lọ yẹ̀ wò. Àárín oko tó jóná la ti rí i, nídìí igi ayùnrẹ́, bí ẹni tó jókòó sinmi tí oorun gbé lọ. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa bá a ṣe rí i.

Ọlọ́pàá mú Sàníù. Ọjọ́ náà gan-an ni Roheem ti Ìbàdàn dé, kò tilẹ̀ rántí pa iná ọkọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í ní tésàn.

"Ṣé o ké?"

"Mo ké."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ó tán," ni Roheem wí. Ó gba béèlì rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé àìbìkítà rẹ̀ ló pa èèyàn. Roheem ní ẹni tó bá ṣe gbogbo ohun tí àwọn baba rẹ̀ ń ṣe kó tó dáná oko, ẹnì kan kò lè pè é ní aláìbìkítà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lójú méjì. Bí Sàníù bá ké, bàbá gbọ́ nìyẹn tí kò dáhùn. Kí oṣù tó parí, Lálúpon ti sọ bàbá náà dolè. Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ló ń wú kiri. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń bọ òrìṣà kò yọjú síbi òkú rẹ̀. Jìnmí ọmọ rẹ̀, obìnrin bí ẹni ogójì ọdún, sin ín bí ẹni ń fi nǹkan pamọ́, wọn kò sì ṣe ìsìnkú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Sàníù náà kò pe ìrun mọ́. Ó ní ọ̀fun ń dun òun. A fi oyin sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ fún un títí ó fi sú wa.

Ẹjọ́ náà lọ, ó bọ̀, bí ẹjọ́ ti ń ṣe. Ó lé lọ́dún méjì kó tó kan Ìyá Mùjíbátù ní kóòtù gíga, n'Ìbàdàn. Opó ni ìyá yìí, oko ilá rẹ̀ pààlà pẹ̀lú oko Sàníù. Ìjọba ló pè é pé kó wá sọ bó ṣe rí èéfín. Ó sọ ti èéfín tán, Roheem wá dìde.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, yàtọ̀ sí èéfín, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

"Mo gbọ́ Sàníù tó ń ké pé òun fẹ́ dáná. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni?"

"Ohùn tó ń jí mi sí Àsùbáà láti ogún ọdún ni mi ò ní mọ̀?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lọ́yà ìjọba, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán, dìde. "Màmá, ṣé ó dá yín lójú pé ọjọ́ iná yẹn gan-an ni?"

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo wá ń bá mi ka ọjọ́ ni? Ọjọ́ iná ni."

Adájọ́, obìnrin bíi tèmi tó fi gíláàsì sí ìdajì imú, kọ ọ́ sílẹ̀. Roheem wojú mi, ó mi orí díẹ̀. Mo ní alihamudulilai nínú ikùn mi.

Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, Roheem ra búrẹ́dì ní Mónátàn, ó ń kọrin. Sàníù jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn. A ń sún mọ́ Ìyànà Ọ̀fà nígbà tí Sàníù ní, "Roheem, dúró."

"Àbí ìtọ̀ ń gbọ̀n ẹ́?"

"Dúró ná."

Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Tírélà ń kọjá, ọkọ̀ ń mì. Sàníù ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá Mùjíbátù ò parọ́," ló wí. "Mo ké. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ké. Mo ké lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó dáhùn. Bí mo ṣe fẹ́ ṣáná, atẹ́gùn yí padà, ó kọjú sí oko ilá ìyá náà. Mo bá lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, ojú ọ̀run ṣú. Mo ní bí òjò bá fi lè pa koríko yìí, mo gbé, ìgbà wo ni yóò tún gbẹ? Ààwẹ̀ ti gbẹ mi lọ́fun. Mo ní, mo ṣáà ti ké lánàá. Mo bá ṣáná."

Roheem pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta lo ti sọ fún?"

"Ìwọ."

"Àti Àǹtí tó wà lẹ́yìn yìí."

"Mo ti sùn," ni mo wí.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Sàníù. "Gbọ́ mi dáadáa. Òfin kò fi dandan mú ẹ láti sọ̀rọ̀. Ìyá Mùjíbátù ò parọ́. Ìwọ náà ò ní í parọ́, torí o ò ní í wọ àpótí ẹlẹ́rìí. Dákẹ́ ni mo ní kó o dákẹ́. Mo mọ ẹjọ́ yìí. A ti jẹ ẹ́."

"Kí lo máa wá sọ fún adájọ́ nípa bàbá?"

"N ó ní wọ́n pè é, kò dáhùn."

"O sì mọ̀ pé wọn ò pè é."

"Láti ìṣẹ́jú márùn-ún! Ọdún méjì lo fi gbé e sínú! Kí ló dé tí o ò jẹ́ kí n parí ẹjọ́ kó o tó sọ fún mi?" Ó fọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀, fèrè sì ké fúnra rẹ̀. "Ọmọ mẹ́ta lo bí o, Sàníù. Wọ́n lè fún ẹ lọ́dún mẹ́wàá."

Sàníù ní, "Mo mọ̀." Ó mú búrẹ́dì náà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e fún mi sẹ́yìn. A kò jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́ nígbẹ̀yìn.

Wọ́n sún ẹjọ́ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ń kírun lójoojúmọ́, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi pa àbúrò mi lẹ́nu mọ́. Irú àdúrà yẹn, mi ò mọ málékà tí yóò gbà láti gbé e dé òkè. Mo tún sọ fún Ọlọ́run pé bàbá ti kú, pé olè tàbí olóòótọ́, ọ̀kan náà ni lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí mo sọ ìyẹn tán, mo tún àlùwàlá ṣe.

Ní ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kejì, mò ń yan gàrí nídìí ẹ̀rọ tá a ti ń lọ ẹ̀gẹ́. Àwa bíi mẹ́jọ la wà níbẹ̀. Jìnmí gbé ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ dé nínú abọ́ ńlá.

Obìnrin kan wí láìgbójú sókè, "Ẹ gbé abọ́ yín mọ́ra o, ká má baà ní à ń wá a."

Èkejì gbà á. "Bí a bá sì pè é, kò ní í jẹ́."

Ẹ̀rín sọ. Jìnmí gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò bínú, èyí tí ì bá sàn. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé: "Bàbá mi kì í sùn wọra. Bí ẹ bá pè é lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń dáhùn. Mi ò mọ ohun tó ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Èmi gan-an ń bi í léèrè lójoojúmọ́, pé kí ló dé tí ẹ ò dáhùn?"

Sàníù ti dé pẹ̀lú àpò ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn wọn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo mọ òótọ́, òun náà mọ̀ ọ́n, mo sì tẹ ojú mọ́ gàrí mi, mò ń rò ó bí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú agbada. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, ó ti lọ. Àpò ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ níbi tó já a sí. Kò padà wá lọ̀ ọ́, ó dúdú mọ́ inú àpò.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, Roheem di apá rẹ̀ mú. "O ò ní í wọ àpótí yẹn. Fún tèmi. Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ fún nǹkan kan rí."

Sàníù ní, "Wíìgì rẹ wọ́." Ó bá a tún un ṣe.

Nígbà tí adájọ́ béèrè bóyá olùjẹ́jọ́ máa sọ̀rọ̀, Roheem dìde láti ní rárá. Kó tó la ẹnu, Sàníù ti nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mà."

Adájọ́ wò ó lórí gíláàsì. Ó ṣàlàyé fún un pé bó bá dákẹ́, ẹnì kan kò ní í fi ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fún un. Sàníù ní òun gbọ́, òun sì dúpẹ́. Wọ́n gbé Kùránì fún un, ó búra. Zubaidah di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Roheem lè jókòó. Ó lè sọ fún adájọ́ pé òun yọwọ́. Lọ́yà ìjọba ti ń tún ẹ̀wù ṣe, ó ti rí i pé nǹkan ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Roheem kò jókòó. Ó bi í lórúkọ, ó bi í níṣẹ́. Ó bi í bóyá òun àti bàbá jà rí, Sàníù ní rárá, pé bàbá ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń dẹ tàkúté. Lẹ́yìn náà Roheem pa fáìlì rẹ̀ dé.

"Ìyá Mùjíbátù ní àwọn gbọ́ tí o ké. Ọjọ́ wo lo ké?"

"Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ iná."

"Ọjọ́ iná gan-an ńkọ́?"

"Mi ò ké."

"Ṣé ẹnikẹ́ni pe Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí lọ́jọ́ náà kí iná tó dé bá a?"

"Kò sẹ́ni tó pè é. Bí mo bá pè é ni, ì bá dáhùn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, mà. Kì í ṣe olè."

Ògbufọ̀ tó ń yí i sí òyìnbó kọ́kọ́ dúró, ó wojú Roheem, bí ẹni pé ó fẹ́ bi í bóyá kí òun sọ ọ́. Roheem ní kó sọ ọ́. Lápá kejì, Jìnmí fi ìborùn bo ẹnu rẹ̀.

Adájọ́ ní ó jẹ̀bi. Ó ní òun ì bá fún un ní ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ òótọ́ tí kò sẹ́ni tó mọ̀, ọdún mẹ́ta ni kó lọ ṣe. Jìnmí kọjá lára wa láìwò wá. Àwọn kan ní aláìmoore ni. Kí ni kó wá dúpẹ́ lé lórí? A ṣáà ti sun bàbá rẹ̀.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí àwọn ẹgbẹ́ bàbá fi wá láti àwọn abúlé wọn, wọ́n sì ṣe ìsìnkú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n fi iṣu ránṣẹ́ sílé wa. Mo gbà á, mo sè é, mi ò lè gbé e mì. Nídìí ẹ̀rọ, àwọn tó ń fi Jìnmí rẹ́rìn-ín ló ń sún fún un báyìí, wọ́n ń bá a sọ abọ́ kalẹ̀. Kò bá wọn sọ̀rọ̀. Kò bá èmi náà sọ̀rọ̀, ó sì tọ́.

Roheem mú mi lọ wo Sàníù lẹ́wọ̀n. Ó ti gbẹ. Wọ́n ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá dà bí ìgbà tó wà lọ́mọ ilé kéwú. Roheem yọ ìwé láti inú báàgì, ìwé ìpẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

"Fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tó kù tá a lè fi pẹjọ́ kò pọ̀ mọ́."

"Kí lo fẹ́ sọ fún wọn níbẹ̀?"

"N ó wá nǹkan sọ."

"Bíi kí ni?"

Sàníù rọra ká ìwé náà sí méjì, ó tì í padà sí i lọ́wọ́. Ó wá kọjú sí mi. "Àǹtí, ṣé wọ́n ti ṣe òkú bàbá?"

"Wọ́n ti ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ẹgbẹ́ wọn ló wá."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú. Mi ò mọ̀ bóyá àdúrà ló ń ṣe àbí ẹkún ló ń sun, wọ́dà sì ní àkókò ti tó.

Níta, Roheem wọ inú ọkọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, kò yí i. "Àǹtí," ló wí, "ẹjọ́ tí mo ti bá èèyàn rò lé ní ogójì. Mo ti gba olè sílẹ̀. Mo gba ẹnì kan tó lu ìyá ara rẹ̀. Ẹyọ kan tí mo fẹ́ gbà..."

Mo wá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí mo lè fi tù ú nínú, èmi tí mò ń ṣe wáàsí fún gbogbo ilé. Kò sí ọ̀kan tó wá.

"Ṣé o ti jẹun?" ni mo bi í.

Ó ní òun ò tíì jẹun. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí ọkọ̀.